Bàtà Ọkùnrin Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Àwọn Àǹtí Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dìde dúró fún bàtà!

Bàtà dúdú, onímú ṣóńṣó, tó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Ọkọ obìnrin mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà! Ọkọ tí kì í hanrun, tí kì í bèèrè ẹran kejì, tí kì í wá àlèébù sí ọbẹ̀, tí kò sì ní mú ìyàwó kékeré wọlé láé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ó tún wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó dun ẹnikẹ́ni. Ọkọ wo lẹ tún ń wá? Mo ti fara balẹ̀ wo ọkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan (ẹ má bínú sí mi o), n kò tíì rí èyí tó níwà tó bàtà yẹn.

Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ẹ wá jókòó, torí ohun tí mo fẹ́ rò fún yín kì í ṣe ẹ̀rín títí dé ìparí.

Òkèhò ni ilé bàbá bàbá mi wà. Níbẹ̀ ni àwọn àbúrò bàbá mi mẹ́ta ń gbé, obìnrin ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lọ́kọ. Àgbà wọn ni a ń pè ní Mìísì. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, gbogbo ìlú ló sì ń pè wọ́n ní Mìísì, àti ẹni tí wọ́n kọ́ àti ẹni tí wọn ò kọ́. Èkejì ni Àǹtí Fèyí, tó ń dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́, tí ẹnu wọn mú ju àdá oko wọn lọ. Àbíkẹ́yìn ni Àǹtí Mojí, tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Kí ló dé tí wọn ò lọ́kọ? Ẹ máa rọra! Àwọn tó wá tọrọ wọn kò kéré. Bàbá àgbà ni kò gbà. Alàgbà ìjọ ni Bàbá, wọ́n sì ń jọ àwọn ọkùnrin bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Èyí kò kàwé tó. Èyí kàwé, ṣùgbọ́n òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ń jò. Èyí ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Wọ́n ń jọ̀, wọ́n ń dà nù, títí Bàbá fi kú. Nígbà tí àwọn ọmọ wá wo inú ajọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí a sin Bàbá ni Mìísì lọ sí ọjà Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ra bàtà ọkùnrin nínú òkirìkà. Wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ imú rẹ̀ sí inú ilé, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ tó wọlé ni.

Wọ́n ní nítorí olè ni, kí olè má baà rò pé obìnrin nìkan ló wà nílé. Olè wo? Gbogbo olè àdúgbò wa ló wá síbi ìsìnkú Bàbá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n tún di ẹran lọ sílé! Ta ni kò mọ̀ pé kò sí ọkùnrin kankan nínú ilé yẹn? Àti pé bó bá jẹ́ nítorí olè ni, kí ló dé tí Mìísì ń fi pólíìṣì kun bàtà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé? Ṣé olè a máa yẹ dídán bàtà wò kó tó jalè?

Eré tún wà tí wọ́n ń ṣe mọ́ ọn. Bí ẹni tí a kò mọ ohùn rẹ̀ bá kágò lẹ́nu ọ̀nà, Mìísì á gbé ohùn sókè láti inú pálọ̀: “Dádì, ẹ má dìde, mo ń lọ wò ó!” Dádì o! Mìísì tó ń na ọmọ ilé-ìwé torí irọ́!

Àǹtí Fèyí ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárọ̀, tí wọ́n bá ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n á kúnlẹ̀ níwájú bàtà.

“Ẹ káàárọ̀ o, olówó orí wa. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ o, àwa ìyàwó yín ń lọ sóko.”

“Fèyí, orí rẹ ti dàrú!”

“Ẹ má pariwo, Mìísì. Ẹ ó jí Dádì.”

Èmi á máa rẹ́rìn-ín, Mìísì á máa bínú. Àǹtí Mojí nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í bínú. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ bàtà yẹn kọjá, wọ́n á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ọdún kan báyìí, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sílé. Mo gbé Gẹ̀ẹ́sì ńlá wá sí Òkèhò. Mò ń fi ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ obìnrin fún obìnrin mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Wọ́n ń gbọ́ mi o! Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ, wọ́n ń dáhùn pé “ẹn-ẹ́n”.

Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé Àǹtí Mojí ń kọrin lábẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo tún rí i pé aṣọ tí wọ́n ń rán kì í ṣe ti oníbàárà. Léèsì búlúù ni, tiwọn ni. Mo jókòó tì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń bá wọn já òwú, ni wọ́n bá sọ ọ́, aṣọ ni wọ́n sì ń wò, wọn ò wo ojú mi.

“Kẹ́mi, mo ní àlejò ní Sátidé.”

“Àlejò wo, Àǹtí?”

“Ọkùnrin ni.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni ọkùnrin náà, Ìsẹ́yìn ló ń gbé. Ó máa ń fi alùpùpù gbé igi ẹ̀gẹ́ tuntun wá fún àwọn àgbẹ̀ wa, Ọ̀gá Àgíríìkì ni wọ́n sì ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Lọ́jọ́ kan, ìṣó ara alùpùpù fa ṣòkòtò rẹ̀ ya, ó sì gbé e wá fún Àǹtí Mojí pé kí wọ́n bá òun rán an. Látìgbà náà ni gbogbo aṣọ ọkùnrin yìí ti ń ya.

“Ṣé alùpùpù ló ń gùn ni àbí kìnnìún?” Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Mojí bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn rí.

Mo bèèrè bóyá Mìísì mọ̀. Wọ́n ní rárá. “Tí Mìísì bá gbọ́, wọ́n á ní kí Ọ̀gá Àgíríìkì kó ìwé-ẹ̀rí wá, wọ́n á tún fi ẹsẹ̀ Bíbélì dán wọn wò. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ná, kí wọ́n jẹun. Ẹni tó bá ti jẹ iyán mi, Mìísì ò ní lè lé e mọ́.”

Ẹ rántí pé fóònù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá ọ sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi gbé e wá.

Sátidé dé. Mìísì gbé agolo pólíìṣì jáde, kò sí bàtà lẹ́nu ọ̀nà!

“Ta ló gbé bàtà kúrò níbí?”

“Bóyá ó ti bá tiẹ̀ lọ,” ni Àǹtí Fèyí dáhùn. “Ṣebí ọkọ a máa ṣe bẹ́ẹ̀.”

Mìísì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá abẹ́ àga, wọ́n wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n rí i lábẹ́ àpò ègé aṣọ nínú yàrá Àǹtí Mojí. Wọ́n bèèrè ohun tó gbé e débẹ̀. Àǹtí Mojí ní àwọn ń gbá ẹnu ọ̀nà ni. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìṣẹ́jú yẹn ni wọn ì bá ti sọ pé àlejò ń bọ̀. Wọn ò sọ ọ́.

Mìísì kun bàtà, wọ́n nù ún, wọ́n tún kùn ún, bí ẹni ń fìyà jẹ ẹ́ pé ó rìn kúrò nílé. Wọ́n gbé e padà síbi tó máa ń wà, wọ́n wá gbé àga wọn sídìí fèrèsé pálọ̀ tó kọjú sí i. Èmi àti Àǹtí Fèyí gbọ́dọ̀ lọ kó iṣu lóko, a sì lọ.

Nígbà tí a ó fi dé, ọ̀sán ti ń rọ̀. Àǹtí Mojí wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n wọ léèsì búlúù tuntun, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ fojú inú wò ó. Léèsì! Ẹ̀wà!

Mo tẹ̀ sún mọ́ wọn, mo bèèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Àǹtí, ṣé àlejò yín dé?”

“Àlejò wo?”

Bó ṣe parí nìyẹn. Àwa mẹ́rin la jẹ iyán náà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi odindi ẹyẹ awó sè. Mìísì yin ọbẹ̀, wọ́n ní ọdún kí là ń ṣe lónìí? Àǹtí Fèyí wo léèsì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n bu òkèlè. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ní ohun tí wọ́n lè sọ, tí wọn ò sì sọ ọ́.

Èmi gbà pé ọkùnrin náà kò wá ni. Mo kórìíra rẹ̀! Mo kórìíra ẹni tí n kò rí rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara sì tù mí nídìí ìkórìíra náà, torí ó bá gbogbo ìwé tí mò ń kà nígbà yẹn mu.

Ọdún gorí ọdún. Àǹtí Fèyí kú. Mo gboyè, mo ríṣẹ́ olùkọ́ ní Ṣakí. Ilé Òkèhò wá ku Mìísì, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, àti Àǹtí Mojí tó ń tọ́jú wọn.

Ẹ wá gbọ́ o. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo wà ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, mo jókòó sínú ọkọ̀ Òkèhò tó ń retí èrò. Bàbá arúgbó kan jókòó tì mí, igi ẹ̀gẹ́ dídì wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. A kíra. Wọ́n bèèrè ibi tí mò ń lọ, mo ní mo fẹ́ lọ kí àwọn àǹtí mi.

“Ọmọ ilé wo ni ọ́ ní Òkèhò?”

“Ilé àwọn Mìísì, sà.”

Bàbá náà tún fìlà orí wọn ṣe.

“Ṣé ọkọ wọn ṣì wà?”

“Ọkọ ta ni, sà?”

“Ọkọ Mojí. Èyí tó ń ránṣọ.”

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, tí mò ń bá gbogbo ayé jà lórí fóònù, mo tẹjú mọ́ igi ẹ̀gẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo tún tẹjú mọ́ wọn!

Bàbá náà rò pé mo ń bínú ni, wọ́n bá ní kí n má ṣe bínú, pé àwọn kò mọ̀ nígbà náà pé ó lọ́kọ. Wọ́n ní àwọn wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Mojí fúnra rẹ̀ rán, àwọn so ẹyin awó mọ́ alùpùpù nínú koríko kó má baà fọ́. Bí àwọn ṣe dé ẹnu ọ̀nà, bàtà ni àwọn kọ́kọ́ rí.

“Bàtà náà ń dán débi pé mo lè rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo wo tèmi, eruku ọ̀nà ti sọ ọ́ di pupa.”

Wọ́n ní síbẹ̀ náà, àwọn kágò, torí bàtà lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú ilé: “Dádì, ẹ má dìde! Mojí, bu omi fún Dádì!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ọmọlúàbí máa ṣe níbẹ̀? Wọ́n ní àwọn yí alùpùpù padà, àwọn taari rẹ̀ dé títì kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, kí ariwo rẹ̀ má baà dá wàhálà sílẹ̀ fún Mojí lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Ta ló ń bèèrè ìyàwó oníyàwó kiri ìlú? Wọ́n ní kí ọ̀gá wọn gbé wọn lọ sí ẹkùn mìíràn. Wọn ò fẹ́ ẹlòmíràn títí dòní. Ọmọ wọn wà ní Èkó, àwọn nìkan ló ń gbé ilé.

“Ẹyin awó yẹn,” ni wọ́n wí, “mo gbé e padà dé Ìsẹ́yìn. Ẹyọ kan kò fọ́.”

Ó wà létè mi láti sọ pé kò sí ọkọ kankan! Pé òkirìkà ni! Ṣùgbọ́n ṣé èmi ló ni ọ̀rọ̀ náà? Mo ní kí n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Mo gba nọ́ńbà fóònù wọn, mo fi igi ẹ̀gẹ́ ṣe àwáwí. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní oríta abúlé kan ṣáájú Òkèhò, wọ́n yíjú sí mi.

“Bá mi kí ọkọ wọn o.”

“Wọ́n á gbọ́, sà.” Kí ni kí n tún wí?

Mo délé. Bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà! Ó ń dán. Imú ẹsẹ̀ kan ti là, ẹnì kan ti fi òwú dúdú gán an pọ̀, gígán tó mọ́ tónítóní. Ẹ̀yin náà mọ ọwọ́ ẹni tó gán an.

Mo kí Mìísì ní pálọ̀, mo lọ bá Àǹtí Mojí lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu. Mo ro gbogbo rẹ̀ láti gáréèjì dé orí ẹyin awó. Ọ̀bẹ ò dúró lọ́wọ́ wọn.

“Mo rí wọn,” ni wọ́n wí.

“Ẹ rí ta ni?”

“Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì yàrá mi. Mo rí wọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wo bàtà yẹn, wọ́n wo tiwọn. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi áńkáṣíìfù nu eruku tiwọn kí wọ́n tó kágò. Ìgbà náà ni Mìísì pariwo Dádì.”

Mo pariwo pé kí ló dé tí wọn ò sáré jáde! Wọ́n fọwọ́ sí mi pé kí n rọra, Mìísì ń gbọ́.

“Kí n sáré jáde kí n wí kí ni, Kẹ́mi? Ìyá Ṣọlá àti àwọn ọmọ wọn jókòó ní òdìkejì títì, wọ́n ń wò wá. Kí n wá dúró níwájú gbogbo wọn kí n ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ, kò sí ẹsẹ̀ kankan nínú bàtà yìí?”

“Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀, Àǹtí! Gbogbo àdúgbò ló mọ̀!”

“Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀.” Wọ́n ju èèpo iṣu sínú garawa. “Èmi ni n kò fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí.”

Mo yọ fóònù. Mo ní nọ́ńbà wọn nìyí, wọ́n wà láyé, àwọn nìkan ni, ẹ sáà tẹ̀ ẹ́. Àǹtí Mojí nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n gba fóònù náà, wọ́n wo nọ́ńbà yẹn títí iná ojú fóònù fi kú. Wọ́n dá a padà fún mi.

“Kí n pè wọ́n kí n ní kí ni? Pé ọkọ mi ti kú?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ yẹn ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó o.

“Mojí!” Mìísì ń pè láti pálọ̀. “Ṣé bàtà wà níta?”

“Ó wà níta, Mìísì.”

“Ṣé o nù ún?”

“Mo ti nù ún.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kó o dà nù báyìí. Wọ́n ní ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Mìísì ń fi ọ̀pá wá a kàn lẹ́nu ọ̀nà, bí ọ̀pá kò bá sì bá a, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn. “Ó ti pẹ́ jù nínú ilé yìí, Kẹ́mi. Ta ni yóò lé e?”

Nọ́ńbà náà ṣì wà nínú fóònù mi. N kò pa á rẹ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Mi ò fẹ́ gun àga ìwàásù. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo àwọn tí a tìtorí wọn gbé bàtà síta, kò sí ẹni tó tàn jẹ nínú wọn. Wọ́n ń kọjá lọ, wọ́n ń kí wa, wọ́n ń bá wa bo àṣírí tí kì í ṣe àṣírí. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á gbọ́, òun gan-an ló yẹ kó wọlé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà lẹ́nu ọ̀nà tiyín? Mọ́tò ọlọ́mọ́tò tí ẹ fara tì ya fọ́tò? “Dókítà” tí yunifásítì kankan ò mọ̀ sí? Òrùka tí ẹ fi owó ara yín rà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí a jọ gbọ́. N kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì lẹ́nu rẹ̀.

Torí ní Ṣakí níbi tí mò ń gbé, èmi nìkan ni mo wà nínú ilé, bàtà búráùn kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà mi tó tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ. Lẹ́yìn tí mo ti Òkèhò dé, ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe wo bàtà náà, ó bèèrè pé ọ̀gá ńkọ́.

Mo ní wọ́n ń sùn.